Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iná tí wọ́n ń tàn sínú ọpọlọ nígbà iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ, ẹ bá mi dá sí i

OmoAke_Leeds:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Àbúrò màmá mi ọkùnrin, Bọ̀dá la máa ń pè wọ́n, Leeds níbí ni wọ́n ń gbé. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ wọn, wọ́n ní glioblastoma ni, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó le gan-an. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gba rediothẹ́rápì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n lo temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ kan, ara wọn sì ti ń yá débi pé wọ́n ti ń dá jáde lọ ra nǹkan, àwa náà ti ń ṣe ìdúpẹ́ kiri. Àfi bí skáànì tó kọjá yìí ṣe fi hàn pé nǹkan náà tún ti hù padà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gé lákọ̀ọ́kọ́. Oníṣẹ́ abẹ ní àwọn lè tún un ṣí, àmọ́ ká kọ́kọ́ lọ rò ó nílé.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn fi fídíò kan sórí WhatsApp ẹbí, wọ́n ní àwọn ará Jàpáánù ní iná kan tí wọ́n ń tàn sínú orí tí wọ́n bá ti ṣí i, pé jẹjẹrẹ yòówù tó bá kù á kú pátápátá kò ní hù mọ́ láé. Ilé ti gbóná látìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ká ta ilẹ̀ kan tó wà l'Ákòóbọ̀ ká gbé Bọ̀dá lọ Jàpáánù kíá. Ohun tó wá da orí mi rú ni pé dókítà tiwa níbí náà sọ̀rọ̀ iná, ó ní wọ́n á fún Bọ̀dá ní nǹkan mu tí kókó náà á fi máa tàn. Ṣé iná kan náà ni? Tó bá jẹ́ òun ni, kí la fẹ́ lọ ṣe ní Jàpáánù? Tí kì í bá ṣe òun, ṣé òótọ́ ni ti Jàpáánù yẹn àbí àwọn oní YouTube náà ni? Ẹ jọ̀ọ́ mi ò fẹ́ àdúrà nìkan, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀.


NoosiTiata:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ọmọ Aké, Ọlọ́run á bá wa wo Bọ̀dá sàn. Tíátà iṣẹ́ abẹ orí ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní England níbí náà ni, ohun tí mo ń fojú rí ni n ó sọ.

Iná méjì ló wà o, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń tú àṣírí jẹjẹrẹ, ọ̀kan ń pa á. Èyí tó ń tú àṣírí ni dókítà yín sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, bíi wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó fún wọn lóògùn oorun, wọ́n á po ẹ̀bù kan mọ́ omi fún wọn mu, 5-ALA lorúkọ ẹ̀, bí ara èèyàn bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀, 20 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ara gbogbo wa ló ní irú nǹkan yẹn tẹ́lẹ̀, ó wà lára ohun tí ara fi ń ṣe pupa inú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí á gbà á mọ́ra, á sọ ọ́ di nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní protoporphyrin IX, á sì máa kó o jọ síkùn láì lè palẹ̀ ẹ̀ mọ́ bọ̀rọ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá ti gé èyí tó fojú rí, a ó pa iná tíátà, òun á yí iná máíkírósíkóòpù sí búlúù, ẹ wá wo nǹkan! Ibi tẹ́ ẹ rò pé ó ti mọ́ tónítóní, ẹ ó rí i tó ń pọ́n yòò bí ẹyín iná tí wọ́n fi eérú bò. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tún máa gé e lọ díẹ̀díẹ̀.

Àǹfààní ẹ̀ ò sí lẹ́nu lásán. Àwọn ará Jámánì ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2006, aláìsàn 322, ìbò ni wọ́n fi pín wọn. Àwọn tí wọ́n mu oògùn yìí, 65 nínú 100 ni wọ́n rí kókó tiwọn kó kúrò tí ò ṣẹ́ kù lójú skáànì, àwọn tí wọ́n lo iná tíátà lásán, 36. Oṣù 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 41 nínú 100 ni nǹkan náà ò tíì hù padà fún, níbi tí ti àwọn tó kù ti jẹ́ 21. Pé ó wá mú ẹ̀mí wọn gùn lọ títí, ìwádìí yẹn ò fìyẹn múlẹ̀.

Ẹ má rò pé ojúrere ni dókítà ṣe fún yín o. Láti 2018 ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbí, ti fi í sínú ìlànà wọn. Ẹ rántí Tessa Jowell, olóṣèlú tí wọ́n jọ ń ṣe ìjọba pẹ̀lú Tony Blair? Àìsàn yìí kan náà ló pa á ní May 2018, lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni ìjọba wá sọ ní 2019 pé kí oògùn náà dé gbogbo ilé ìwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọpọlọ ní England. Torí náà ẹ béèrè ẹ̀ bí ẹ̀tọ́ yín.

Tí wọ́n bá mu ún tán, kí wọ́n yẹra fún oòrùn àti iná tó bá mọ́lẹ̀ kọjá ààlà fún wákàtí 24. Àwa aláwọ̀ dúdú máa ń sọ pé oòrùn ò mọ̀ wá, ẹ má fìyẹn ṣe é, oògùn yẹn ò wo àwọ̀ ara ẹnikẹ́ni.


OmoAke_Leeds:

Háà, ẹ ṣeun gan-an ni àǹtí. Ìyẹn ni pé iná tiwa níbí kì í pa nǹkan kan, ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n rí i gé ni. Èyí tó ń pa á ńkọ́? Báwo ni iná lásán ṣe ń pa jẹjẹrẹ tí rediothẹ́rápì ò rí pa?


SayensiLayeNi:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú, báyókẹ́místírì ni mo kà, mi ò kì í ṣe dókítà.

Iná yẹn kì í dá ṣe é. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan náà: oògùn tí iná ń jí, iná tí àwọ̀ ẹ̀ bá oògùn yẹn mu, àti ọ́síjìn. Oògùn nìkan ò ṣe nǹkan kan, iná nìkan ò ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá pàdé báyìí, oògùn á gba agbára lọ́wọ́ iná á gbé e lé ọ́síjìn lọ́wọ́, ọ́síjìn yẹn á wá ya wèrè, gbogbo ohun tó bá fara kàn nínú sẹ́ẹ̀lì ló máa bà jẹ́. Kì í sì í rìn jìnnà, ojú ibi tí wọ́n ti jí i náà ló ń kú sí, ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò gba oògùn sára fi ń bọ́ nínú ẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, láti 1900 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Munich, Oscar Raab, ti rí i pé àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín inú omi tó fi sínú àwọ̀ acridine ń kú tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn wọ́n, tí wọ́n bá wà nínú òkùnkùn wọn ò kú. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó kó tó dé orí ọpọlọ.

Ti Jàpáánù, òótọ́ ni. 2013 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ tó bá ti inú ọpọlọ gan-an bẹ̀rẹ̀. Oògùn tiwọn ń jẹ́ talaporfin, abẹ́rẹ́ ni, wọ́n á gún un fún aláìsàn bíi ọjọ́ kan ṣáájú, wákàtí 22 sí 26. Ọjọ́ kejì wọ́n á ṣí orí, wọ́n á gé gbogbo èyí tó ṣeé gé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá tan iná lésà pupa, nánómítà 664, sára ògiri ihò tó ṣẹ́ kù. Ojú kan lójú kan ni wọ́n ń tàn án o, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ojú kọ̀ọ̀kan, tí ihò bá tóbi ẹ mọ̀ pé ó máa gba àsìkò. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá tó bá wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ bò wọ́n kí iná má baà kàn wọ́n, torí pé oògùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó lè ba iṣan jẹ́.

Ẹ béèrè ìdí tí èèyàn fi máa fẹ́ ẹ nígbà tí rediothẹ́rápì wà. Ọpọlọ tó ti gba rediothẹ́rápì ẹ̀ẹ̀kan pé, tí wọ́n ti fún un ní 60 Gy (Gy ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìtànṣán ẹ̀) tí wọ́n pín sí ìgbà ọgbọ̀n, èèyàn ò kàn lè tún un gbà ní ìwọ̀n kan náà, ọpọlọ tó dáa á bà jẹ́ mọ́ ọn. Ti iná yìí ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tún un tàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú àwọn oníṣẹ́ abẹ wà lára ẹ̀ fún àwọn tí tiwọn bá padà.

Àmọ́ ohun tí fídíò WhatsApp ò ní sọ fún yín rèé. Iná pupa kì í wọnú ọpọlọ jìnnà, bóyá ló fi ń dé sẹ̀ǹtímítà 1. Jẹjẹrẹ yìí ní tiẹ̀, ó ti máa ń nasẹ̀ lọ síwájú kí wọ́n tó gé e rárá, ọ̀pọ̀ èyí tó ń hù padà, láàárín sẹ̀ǹtímítà 2 sí etí ibi tí wọ́n gé ló ti ń hù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ìpele tí iná dé á kú, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wà láàyè ń wò wá. Ibi tí ọ́síjìn ò bá sì sí, oògùn ò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹni bá ní kò ní hù mọ́ láé, irọ́ ló ń pa, kò sí bá a ṣe lè rọ̀ ọ́.


AgbaOlohun:

Ọmọ dáadáa ni ọ Sayensi, o ṣàlàyé ẹ̀. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iye, torí ilẹ̀ lẹ fẹ́ tà.

Ẹ̀yin ọmọ Aké, ìwádìí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù ni èyí tí Tokyo Women's Medical University tẹ̀ jáde ní 2022, torí àwọn tí tiwọn padà ni wọ́n wò, bíi ti Bọ̀dá. Àwọn tí wọ́n tan iná fún nígbà iṣẹ́ abẹ kejì, ìdajì wọn lò ju oṣù 16 lọ láyé. Àwọn tí wọn ò tan iná fún, oṣù 12.8. Kó tó tún hù, oṣù 5.7 fún àwọn oníná, oṣù 2.2 fún àwọn tó kù. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ náà, ká sọ̀rọ̀ ká bá a bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ò kéré lójú ẹni tó ní àìsàn o, mi ò fojú kéré ẹ̀, ẹni tó bá ní ìgbéyàwó ọmọ níwájú á mọ̀ pé oṣù mẹ́ta pọ̀. Àmọ́ kì í ṣe "kò ní hù mọ́ láé". Wọn ò sì fi ìbò pín wọn, wọ́n kàn padà lọ wo ìwé àwọn aláìsàn ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tí ara wọn ṣì le ni wọ́n tan iná fún jù.

Èyí tí wọ́n fi ìbò pín, wọ́n ṣe é ní Dundee ní Skọ́tláǹdì, ó jáde ní 2008. Àwọn tí wọ́n tọ́jú pẹ̀lú iná lo ọ̀sẹ̀ 52.8, àwọn yòókù ọ̀sẹ̀ 24.6. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ fẹ́ jó, ẹ dúró ná. Èèyàn 27 péré ni gbogbo wọn. Iná atú-àṣírí tí Nọ́ọ̀sì sọ àti iná apànìyàn, áà, iná apajẹjẹrẹ ni mo fẹ́ sọ, méjèèjì ni wọ́n jọ lò fún apá kan, wọ́n sì tan èyí tó ń pa á léraléra. Ta ló máa wá sọ fún mi èwo nínú wọn ló ṣiṣẹ́? Ní Lille ní Faransé, wọ́n ṣe tiwọn fún èèyàn 10, oògùn 5-ALA kan náà ni wọ́n lò àmọ́ iná pupa ni wọ́n tàn sí i, àwọn yẹn àìsàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó padà.

Ẹ wá fi wé temozolomide tí Bọ̀dá lò. Ìwádìí tó gbé e jáde ní 2005 kó èèyàn 573, ìbò ni wọ́n fi pín wọn, ìdajì àwọn tó lò ó mọ́ rediothẹ́rápì kọjá oṣù 14.6, ti àwọn tó gba rediothẹ́rápì nìkan jẹ́ 12.1. Gbogbo ayé sì gbà á, torí ìwádìí náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Iná yìí ò tíì débẹ̀. Èmi ò ní ta ilẹ̀ lórí ẹ̀.


MilwaukeeOmoIjesa:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú mi níbí, torí nǹkan tí inú mi máa ń dùn sí ni. Ní Wisconsin, àwọn kan ń ṣe iná LED pupa fún NASA, kí wọ́n lè máa fi gbin ewéko nínú ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ sójú ọ̀run. Ewéko o! Dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Milwaukee, Harry Whelan, ló rí iná yìí tó ní ṣé kò lè jí oògùn jẹjẹrẹ. Wọ́n to LED 144, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n fi bàlúù kékeré sí orí ẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn káàkiri ihò náà dọ́gba. Ní 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ẹni tí kókó ọpọlọ tiẹ̀ ti padà. Oògùn tí wọ́n fi sí i nígbà náà, Photofrin, ìyọnu tiẹ̀ ni pé kì í tètè kúrò lára, ó kéré tán 30 ọjọ́ lèèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oòrùn pa òun.

Títí dòní ṣá, níbí ní Amẹ́ríkà, 5-ALA tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn níbí, fọwọ́ sí ní June 2017, ohun tí wọ́n fi ń rí jẹjẹrẹ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń pa á. Àwọn kan tún ti ń dán an wò báyìí pé dípò iná, kí wọ́n fi ìró tí etí ò gbọ́ jí oògùn yẹn láti ìta, láì ṣí orí rárá, ìyẹn á yanjú ọ̀rọ̀ pé iná ò wọlé jìnnà. Ìdánwò ṣì ni.


IyaAdunni_Mushin:

Ẹ má bínú o, gbogbo òyìnbó yìí pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan wà tó ń fún èèyàn lágbo àti ẹ̀bù fún kókó inú orí, àwọn tó lò ó ń jẹ́rìí sí i. Kí Bọ̀dá máa lo ìyẹn mọ́ ti dókítà ná, kò burú, wọn ò ní ba ara wọn jẹ́.


NoosiTiata:

Màmá, ẹ fojú burúkú wò mí, n ó sọ ọ́. Wọ́n lè ba ara wọn jẹ́ gan-an ni, pàápàá pẹ̀lú oògùn tí iná ń jí. Ewé mìíràn wà tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ń jẹ́ kí iná mú awọ ara, St John's wort tí wọ́n ń tà ní sọ́ọ̀bù níbí jẹ́ ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sára ìwé 5-ALA pé kéèyàn má pa á pọ̀. Ohun tó wà nínú àgbo ẹ̀gbọ́n yín, ta ló mọ̀ ọ́n? Àgbo mìíràn sì ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, ẹ̀dọ̀ yẹn ni wọ́n ń fẹ́ kó dá ṣáṣá nígbà tí wọ́n bá fún èèyàn lóògùn yìí.

Kì í ṣe àgbo nìkan náà o. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tó ń lo doxycycline nítorí ibà, ẹbí tetracycline nìyẹn. Fansidar, sulfa wà nínú ẹ̀. Méjèèjì wà lára ohun tí kò yẹ kó pàdé iná yìí. Ọmọ Aké, gbogbo ohun tí Bọ̀dá ń gbé mì, títí kan èyí tí wọ́n fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tí ìyàwó wọn ò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sórí bébà fún dókítà. Ẹ tún sọ bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ní porphyria, àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ara ṣe pupa inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, torí ẹni tó bá ní in ò gbọ́dọ̀ mu 5-ALA rárá.


Olutoju77:

Mo ti ń kà á látàárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ní irú ẹ̀, èmi ni mo tọ́jú wọn jù torí ilé mi ni wọ́n wà.

Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ iná, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kejì fúnra ẹ̀. Iná yìí ò lè wáyé láì ṣí orí, orí ṣíṣí lẹ́ẹ̀kejì ò sì rí bíi tàkọ́kọ́. Awọ orí ibẹ̀ ti gba rediothẹ́rápì, kì í tètè jinná. Ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lápá òsì, ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ wà, wọ́n jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì tán wọ́n ń wò wá, wọ́n mọ gbogbo wa, orúkọ wa ni wọn ò rí pè. Lẹ́yìn náà díẹ̀ padà. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é, ẹnì kankan ò jókòó sọ fún wa ṣáájú pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ń sọ fún wa ṣáá. Torí náà ẹ béèrè pé apá ibo ni kókó yẹn wà, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ni Bọ̀dá lè pàdánù. Tí wọ́n bá ní kò ní ṣeé gé dáadáa, iná ò wúlò, torí pé lẹ́yìn gígé ni iná ń ṣiṣẹ́, kì í rọ́pò ẹ̀.

Ọpọlọ á wú lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á fún wọn ní dexamethasone, oògùn tó ń jẹ́ kí wíwú náà lọlẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ebi á máa pa wọ́n lóru bí ẹni tó gbààwẹ̀, oorun ò ní wá, ṣúgà wọn lè lọ sókè, inú á máa bí wọn lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, ẹ mọ̀ pé oògùn ni, kì í ṣe ìwà wọn.

Tẹ́ ẹ bá sì wá lọ Jàpáánù, àwọn tó gba talaporfin, inú yàrá tí iná ẹ̀ lọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n sí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ẹ̀, ní yàrá dúdú, ní ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn. Ẹ rò ó dáadáa o.


AgbaOlohun:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin Olutoju. Ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kó ṣáájú tèmi. Ọmọ Aké, ìbéèrè kan: kí ni Bọ̀dá fúnra wọn sọ? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbọ́n màmá sọ tiwọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n sọ tiẹ̀, WhatsApp náà sọ tiẹ̀.


OmoAke_Leeds:

Ká má parọ́, a ò tíì bi wọ́n dáadáa. Mo pè wọ́n lálẹ́ àná lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Olutoju. Wọ́n ní àwọn ò lọ Jàpáánù kankan, pé òtútù Leeds ti tó àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí iṣẹ́ abẹ bá máa jẹ́ kí àwọn ṣì máa ríran, kí àwọn lè bá ọmọ àwọn rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ ní August, kí wọ́n ṣe é, tó bá jẹ́ pé ó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa rí oníṣẹ́ abẹ. Màá béèrè ibi tí kókó wà àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, màá béèrè bóyá 5-ALA á tún ṣiṣẹ́ fún èyí tó padà. Kí ló tún kù tí mi ò mọ̀?


SayensiLayeNi:

5-ALA máa ń jẹ́ kí èyí tó padà náà tàn o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ibi tí rediothẹ́rápì ti jó náà lè tàn díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá pọ́n ni jẹjẹrẹ. Ẹ béèrè èsì MGMT, jíìnì kan tí wọ́n yẹ̀ wò lára kókó àkọ́kọ́, ìyẹn ló máa sọ bóyá temozolomide tún lè wúlò. Ẹ tún béèrè bóyá ìwádìí iná apajẹjẹrẹ kan ń lọ tó ń gba àwọn tí tiwọn padà. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló jẹ́ pé ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, torí náà ẹ béèrè kí wọ́n tó dá ọjọ́. Tí ìwádìí bá wà, èèyàn kì í sanwó fún oògùn ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó tabua láti wọ "ìwádìí", ẹ sá.


NoosiTiata:

Ọ̀kan tó ṣe pàtàkì tí gbogbo wa ò sọ. Ohun tí Bọ̀dá sọ lálẹ́ àná yẹn, kí wọ́n jẹ́ kó wà lórí ìwé. Lasting Power of Attorney ni wọ́n ń pè é níbí, èyí tó jẹ́ ti ìlera, wọ́n á yan ẹni tó máa gbẹnu sọ fún wọn tí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà tí orí wọn ṣì pé ni wọ́n lè fọwọ́ sí i, tó bá ti kọjá ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ á di ti kóòtù. Ẹ rí fọ́ọ̀mù ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Office of the Public Guardian, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, torí náà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ dókítà. Ta ni wọ́n máa yàn, ìyàwó wọn àbí ọmọ?


OmoAke_Leeds:

Ọmọ wọn obìnrin ni, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó àwọn á kàn máa sunkún ni. Màá tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde lálẹ́ òní.